Ọjọ́ Tí Mo Ti Bàbá Mi Dé Ààlà Oko

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí mo fi máa darúgbó. Ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì kan tí kò ní ẹnu fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn àgbà abúlé bàbá mi. Tí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi ní Ọ̀yọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, omi tó bọ́ lójú mi kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ọ̀yọ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Wẹ́dà ni ọkọ mi, géètì àti fèrèsé onírin ló máa ń ṣe. Abúlé bàbá mi wà lọ́hùn-ún, tí èèyàn bá ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, tó kọjá Ìkòyí-Ilé, tó wá tún yà wọ inú igbó. Ọdún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ dédé kọ lu bàbá mi. Wọ́n sùn lálẹ́ pẹ̀lú ara pípé, wọ́n jí láàárọ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tiwọn mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà yí padà. Kì í ṣe pé wọn ò lè sọ̀rọ̀ o. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan á jáde, èkejì á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí ojú ń tì. Àwa tí a fẹ́ràn wọn ò sì ní sùúrù. Tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, a ti bá wọn sọ ìyókù. "Bàbá fẹ́ mu omi." "Bàbá ní kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé." A rò pé ìrànlọ́wọ́ là ń ṣe.

Oko kajú kan wà tí bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn dá. Oko yẹn ló rán wa nílé ìwé, òun náà ló ń gbọ́ bùkátà òògùn wọn. Bàbá Ṣítù ló ni oko tó bá a pààlà. Bàbá Ṣítù kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dá bàbá mi jókòó sílé, ebè iṣu rẹ̀ ti ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi wọ àárín igi kajú wa. Ọ̀rọ̀ dé iwájú baálẹ̀. Baálẹ̀ ní ẹni tó ni ilẹ̀ ni yóò dé ojú ilẹ̀, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Baba kì í wà láàyè kí ọmọ máa bá a júwe ààlà.

Wọ́n ti dá ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bàbá mi ò sì lè débẹ̀. Mọ́tò kì í gba ọ̀nà oko náà. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n gbé wọn sẹ́yìn ọ̀kadà, wọn ò lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a mú, wọ́n já bọ́ kí ọ̀kadà tó kúrò lábúlé. Nígbà kejì, àwọn géńdé ní àwọn á gbé wọn lọ. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ò... tíì... gbé òkú mi." Baálẹ̀ wá dá ọjọ́ kẹta. Wọ́n ní bí oòrùn bá gun òkè lọ́jọ́ náà tí bàbá mi ò yọjú, ibi tí Bàbá Ṣítù bá fẹnu sí ni wọn yóò ri àmì sí, ọ̀rọ̀ sì ti tán nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi lọ wá alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀ ní Ọ̀yọ́ ló ti rà á. Ó ní táyà ńlá mẹ́rin, ọwọ́ àti ìjókòó bíi ti ọ̀kadà, àti irin tí wọ́n ń di ẹrù mọ́ lẹ́yìn. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, táyà kan ò bá ìyókù mu. Ẹni tó tà á ní orí yìnyín làwọn òyìnbó ti ń gùn ún. Mo ní, "Ẹni tó ti gbé orí yìnyín rí, kí ni ọyẹ́ ilé wa fẹ́ fi í ṣe?" Ẹ gbọ́ ẹnu mi o.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ kí wọ́n tó dà á sí táńkì. Ọkùnrin náà fi ìdérí kan hàn mí, ó ní ìwọ̀n ọ́ìlì fún kẹ́ẹ̀gì kan nìyẹn. "Ìyàwó, má jẹ́ kó dín, má sì jẹ́ kó lé." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gùn ún, kò sì ṣòro fún mi, torí mo ti máa ń gun ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n mi láti sẹ́kọ́ńdìrì. Ó yẹ kí ọkọ mi bá wa lọ, àmọ́ iṣẹ́ oníbàárà kan há a mọ́lẹ̀, ó ní òun á bá wa níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Báyìí ni èmi, Àríkẹ́ ọmọ mi tó ṣì ń mu ọmú, àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ṣe wọ ọkọ̀ akẹ́rù. A yà ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ra ọ́ìlì. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, a ti dé abúlé.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Ètè gbogbo wa ti là, ẹsẹ̀ gbogbo wa funfun bí ẹni tó tẹ eérú. Mo fi òrí pa Àríkẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì kí ọkàn mi tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó láti po epo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Mo bu ìdérí ọ́ìlì kan sí i, mo wò ó, ó kéré lójú mi. Nínú ọyẹ́ yìí? Irin tó fẹ́ gbé bàbá mi? Ṣé ìyá gidi á fi òrí bíńtín pa ọmọ nínú òtútù? Mo bu òmíràn. Mo tún bu òmíràn, mò ń bù ú bí ẹni ń bu epo sí ọbẹ̀ àlejò pàtàkì, títí bẹntiróòlù fi dúdú bí àgbo. Bàbá mi wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "Ó ti... ó ti..."

Mo ní, "Ó ti fẹ́ tó, Bàbá. Díẹ̀ ló kù." Mo sì bu ọ̀kan sí i. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé "Ó ti pọ̀ jù" ni wọ́n fẹ́ sọ.

Ilẹ̀ mọ́, kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo abúlé, òtútù ń gé èèyàn létí. Bàbá mi ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá funfun, wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó bí ẹni tó fẹ́ lọ kírun ọdún. Mo gbé ẹsẹ̀ lé irin tí wọ́n fi ń ta ẹ́ńjìnnì jí, mo ta á. Kò dáhùn. Mo tún ta á. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì dákẹ́. Mo ta á títí òógùn fi bò mí nínú òtútù yẹn. Mo bá pe ọkọ mi.

"Bàbá Àríkẹ́, ó kọ̀ o."

"Ṣé o ṣí epo?"

"Mo ṣí i."

"Ṣé o fa ṣóòkù? Tí òtútù bá ti mú un, ṣóòkù ló máa kọ́kọ́ fẹ́. Irin kékeré kan báyìí ni. Wá a, kí o fà á."

Mo wá a. Mo rí irin kékeré kan lábẹ́ ìjókòó, mo fi agbára fà á. Odidi ìjókòó ṣí kúrò lára ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo dúró, fóònù wà létí kan, ìjókòó wà lábẹ́ abíyá.

"Ṣé o ti fà á?"

"Mo ti fà á."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ó jáde."

"Ó jáde? Kí ló jáde?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣàánú mi, ó já. Mo da ìjókòó padà sáyè rẹ̀, mo wá ṣóòkù gangan rí, mo fà á, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Kò sí ohun tó yí padà, àfi pé òórùn bẹntiróòlù gba àgbàlá.

Ibi tí mo ti ń sinmi ni ojú mi ti lọ sí ilé ìdáná. Mo rí ìgò òróró Ìyá Kékeré. Ìyá Kékeré ni ìyàwó kejì bàbá mi, àwọn ló ń tọ́jú wọn láti ìgbà tí ìyá tó bí mi ti kú. Òróró yẹn ti dì gbagidi nítorí ọyẹ́, wọ́n gbé e sẹ́bàá ààrò kó lè yọ́. Ọpọlọ mi bá ṣí. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ló dì! Gbogbo obìnrin ilé wa ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún epo tó bá dì. Mo gbé omi gbígbóná tí a fẹ́ fi wẹ̀ fún Àríkẹ́, mo dà á lé ẹ́ńjìnnì lórí. Ó dún ṣàà. Mo nù ún gbẹ, mo mú ṣọ́ọ̀lù ọmọ mi, mo fi wé e kí òtútù má baà tún mú un.

Ìyá Kékeré yọjú, wọ́n wo èmi, wọ́n wo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. "Ìyá Àríkẹ́, kúkú gbé e pọ̀n. Àbí ọmú ló ń ké fún?"

"Ìyá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó ẹ̀yinná díẹ̀ wá."

Ẹnu wọn mú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ń dùn wọ́n jù mí lọ. Wọn ò jiyàn. Wọ́n kó ẹ̀yinná sínú àpáàdì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti tì í sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi bá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ohùn tó jáde lẹ́nu wọn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé.

"Iná! Iná... àti..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, iná ni. Ó máa yọ́ ọ. A máa tètè dé, ẹ fọkàn balẹ̀."

Wọ́n ju ọ̀pá náà. Wọ́n fi ọwọ́ òsì jù ú, ó ba àpáàdì, ẹ̀yinná fọ́n ká. Ọ̀kan bà lé etí ṣọ́ọ̀lù, etí ṣọ́ọ̀lù sì gbiná. Ìgbà yẹn ni imú mi tó sọ fún mi pé bẹntiróòlù ló wà nílẹ̀ tí mo dúró lé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì o! Mo ṣe kẹ́místírì! Mo já ṣọ́ọ̀lù náà kúrò, mo sá jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Ìyá Kékeré ń da iyẹ̀pẹ̀ lé ẹ̀yinná, wọ́n ń pe "Lá ìlá ilalláhù." Kò sí ẹni tó fara pa. Mo mú ọ̀pá padà fún bàbá mi. Ó yẹ kí n jókòó tì wọ́n, kí n ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ sọ?" Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kùrukùru ti ń là, oòrùn ń bọ̀. Mo sáré padà sídìí ẹ̀rọ.

Mo ta á, mo ta á. Irin yẹn bá fi ara kọ́ ìró mi. Bí mo ṣe gbé gbogbo ara mi lé e lẹ́ẹ̀kan náà ni ìró já kúrò nídìí mi, ṣòkòtò péńpé tí ọkọ mi fi ń gbá bọ́ọ̀lù, tí mo wọ̀ sábẹ́ nítorí òtútù, yọ síta gbangba. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Bùròdá Làmídì, ìránṣẹ́ baálẹ̀, wọlé.

Ọmọlúàbí ni Bùròdá Làmídì. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì ń bá ìgànná sọ̀rọ̀. "Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú iṣẹ́. Baálẹ̀ ní kí n wò ó bóyá ẹ ti ń bọ̀. Gbogbo èèyàn ti pé. Bàbá Ṣítù ti mú àdá dání."

Mo so ìró mi. Mo fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ronú nípa igi kajú tí mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti kékeré. Mo ronú nípa bàbá mi nínú bùbá funfun wọn. Ẹkún yẹn ló wá ràn wá lọ́wọ́, torí ó dí mi lẹ́nu, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀.

Bàbá mi ní, "Ó ní... ẹsẹ̀... mẹ́rin."

A ń wò wọ́n.

"Kò... ní... ṣubú." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ... tì mí."

Mo wo Bùròdá Làmídì, Bùròdá Làmídì wo Ìyá Kékeré. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: láti àárọ̀, kò sí ẹni tó rò pé ohun tó ní táyà mẹ́rin lè rìn láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún.

A gbé wọn jókòó. Mo bọ́ ọ̀já tí mo fi ń pọn Àríkẹ́, mo fi gbá wọn láyà mọ́ irin ẹ̀yìn. Wọ́n wò mí láti òkè. "Ṣé ọmọ... ọwọ́... ni mí?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀."

Bùròdá Làmídì dúró lápá kan, mo dúró lápá kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ìyá Kékeré pọn Àríkẹ́, wọ́n ń tẹ̀ lé wa. Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹ̀bà ni mọ́tò yín ń jẹ ni, tó fi jẹ́ èèyàn ló ń gbé e?" Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè kí wọn bí ọba. Èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ, eruku kún mi lẹ́nu. Ilẹ̀ ò le jù títí a fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ojú oko.

Ohun kan wà tí mo ti mọ̀ rí, tí mo kàn gbàgbé. Nígbà tí bàbá mi ṣì wà ní ọ̀dọ́, tí wọ́n ń ra kajú káàkiri abúlé, alùpùpù oní-ọ́ìlì-pọ̀-mọ́-epo bí èyí ni wọ́n ń gùn. Ọwọ́ òsì ló ń mú kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì ló sì ń ki jíà; tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, wọ́n á jẹ́ kí táyà yí, wọ́n á ki jíà, wọ́n á tú kílọ́ọ̀ṣì, á sì jí. Òsì bàbá mi kò kú. Bí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo rí i tí ẹsẹ̀ wọn gbé, mo gbọ́ kọ̀ọ̀, mo rí i tí ìka wọn tú lára kílọ́ọ̀ṣì. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ta gìrì. Ó wúkọ́, ó sín, ó sì bú ramúramù. Gbogbo ọ́ìlì tí mo fi ìfẹ́ bù sí i láná tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín tó jáde nídìí rẹ̀ funfun, ó nípọn, ó bò mí, ó bo Bùròdá Làmídì, ó bo ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa nu ojú, bàbá mi ti lọ.

Mo figbe ta. "Bàbá! Ẹ dúró! Bàbá mi o!" Mo sáré, mo kọsẹ̀ lára ebè, mo dojú bolẹ̀, mo dìde, mo tún sáré. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ búréèkì, àwọn yẹn ò sì lè ṣe nǹkan kan. Mo rí àwọn àgbà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n jókòó kalẹ̀ lábẹ́ igi. Lẹ́yìn náà mi ò rí wọn mọ́. Wọ́n ti fọ́n ká. Baálẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Bàbá Ṣítù ju àdá nù, ó sá gun orí ọ̀gán ńlá kan, òkìtì tí ikán mọ, ó dì í mú bí ọmọ ọ̀bọ. Bàbá mi fa kílọ́ọ̀ṣì wọlé, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rọra yí títí, ó fi imú kan ebè kan, ó dúró, ó sì kú.

Ìgbà tí mo débẹ̀, mò ń sunkún, mò ń tú ọ̀já, mò ń fọwọ́ kan orí wọn, èjìká wọn. "Bàbá, ṣé kò sí? Ṣé kò sí o?" Èéfín ti sọ bùbá funfun di aláwọ̀ eérú. Èjìká wọn ń mì. Mo rò pé àìsàn ló tún dé. Ẹ̀rín ni. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan.

Baálẹ̀ jáde lẹ́yìn igi, wọ́n tún fìlà dé. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹ bá wá. Níbo ni ààlà yín?"

Bàbá mi la ẹnu. "Ààlà... ààlà wa... ibi..."

Bàbá Ṣítù, tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀gán, gba ọ̀rọ̀ náà. "Ibi igi òrí yẹn ni wọ́n fẹ́ sọ. Ibẹ̀ ni èmi náà ti ń wí. Ọ̀rọ̀ ti tán." Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì dún létí mi bí ohùn ara mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ohùn olùrànlọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ti ń ṣe fún wọn láti àná.

Mo kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ má bínú. Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀."

Baálẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. A dúró. Ọyẹ́ ń fẹ́, ewé kajú ń dún. Ó pẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ tí mo lè bá wọn sọ ń yún mi lẹ́nu, mo fi eyín di ètè mi títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá mi wá gbé ọwọ́ òsì láti fi júwe, ọ̀kan nínú àwọn àgbà sì wúkọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni."

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Mo dìde kí n lọ bá wọn gbé ọwọ́ ọ̀tún, mo sì tún dúró, torí bí mo bá gbé e, èmi ni mo júwe. Bàbá mi wo ọwọ́ ọ̀tún wọn tó sùn lórí itan. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, wọ́n gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, wọ́n sì nà án síwájú. Ó ń gbọ̀n, kò sì yẹ̀. Orí Bàbá Ṣítù ló nà sí.

"Ọ̀gán... tí ọmọ... yìí... sá gùn." Wọ́n mí. "Láti ibẹ̀... dé odò. Pòrógún... la gbìn. Èmi... àti bàbá rẹ̀. Òun ló... gbé omi mímu... wá fún wa."

Bàbá Ṣítù wo ilẹ̀ láti orí ọ̀gán. Ó ti ń hu ewú, àmọ́ lójú mi ó kàn dà bí ọmọ tó gbé omi wá. Bùròdá Làmídì fi àdá tú koríko ìdí ọ̀gán náà, pòrógún, igi tí wọ́n fi ń pààlà, tí wọ́n ti gé ti ń rúwé padà níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé e lọ, wọ́n tún rí òmíràn. Bàbá Ṣítù sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ó ní, "Mo rántí, ẹ̀gbọ́n. Mo rántí omi náà." Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí wọ́n ri àmì.

Ọ̀sán ni ọkọ mi dé. Ó tú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ọ́ìlì ń kán tó tó lára rẹ̀. Ó wò mí. "Ìdérí mélòó lo bù sí i?"

Mo ní, "Mi ò kà á."

Ìyá Kékeré ní kò burú, bí ọyẹ́ bá tún dé, a ó mú ẹ̀rọ náà wá kí n fún un lọ́mú.

Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ìfẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, àmọ́ ó lè pọ̀ débi tí ẹni tí mo ń fẹ́ràn ò ní lè mí. Ẹni tí ara ń ni kì í ṣe ọmọ ọwọ́, ọ̀rọ̀ tó sì ń pẹ́ kó tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò sí. Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pe bàbá mi lórí fóònù láti Ọ̀yọ́. Wọ́n á ní, "Mo fẹ́... sọ... pé..." Èmi á sì pa ẹnu mi mọ́, màá dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà, káàdì fóònù mi á tán kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Màá rẹ́rìn-ín, màá ra òmíràn, màá tún pè wọ́n padà, màá ní, "Bàbá, mò ń gbọ́."